Owó ilé-ìwé ìjọba àti owó iṣẹ́ ọ̀dọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó: ìbéèrè àti ìdáhùn

Rédíò ní ìjọba ti gbé owó kalẹ̀ fún ètò ẹ̀kọ́. Ọmọ ti ilé-ìwé dé, ó ní wọ́n ní kí òun mú owó wá lọ́la. Èwo ni kí òbí gbàgbọ́? Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé owó ilé-ìwé kì í ti inú àpò kan ṣoṣo jáde. Ẹni tí kò bá mọ àpò tó yẹ kó san owó kan, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò máa bú. Àwọn ìbéèrè tí òbí, tíṣà àti ọ̀dọ́ máa ń béèrè ní Àkúrẹ́ àti káàkiri ìpínlẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Ohun tó wà nínú òfin ni mo fi dáhùn, mo sì fi èrò tèmi kún un níbi tó bá yẹ.

Ta gan-an ló ni ilé-ìwé ìjọba: àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àbí ìbílẹ̀?

Kíláàsì tí ọmọ wà ló máa sọ. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ SUBEB, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, tó sì ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjìdínlógún (18) tí a ní. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kò sọ pé òun nìkan ni yóò dá a ṣe.

Sẹ́kọ́ńdìrì jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ló ń darí rẹ̀, TESCOM ló sì ń gba àwọn tíṣà síṣẹ́, tó ń gbé wọn láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, tó sì ń fún wọn ní ìgbéga. BATVE ló wà fún ẹ̀kọ́ àgbà àti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. FGGC Àkúrẹ́ àti FGC Ìdóàní, àwọn sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ rárá. Abuja ni bùkátà wọn wà, bẹ́ẹ̀ náà ni FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́. Tí òrùlé bá ṣí ní FGGC, kí ẹ má ṣe lọ pariwo lé gómìnà lórí.

Níbo ni ìpínlẹ̀ ti ń rí owó tó ń ná?

Èyí tó pọ̀ jù ń wá láti Abuja ní oṣooṣù, nígbà tí àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ bá jókòó pín owó tó wọlé. Owó orí ọjà, tí a mọ̀ sí VAT, wà nínú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ (50%) ni àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀, kí òfin owó orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 tó sọ ọ́ di 55% láti 2026. Ìpínlẹ̀ tún ń pa owó wọlé fúnra rẹ̀, bíi owó orí òṣìṣẹ́ àti owó ilẹ̀.

Àwa ní ọ̀kan tí àwọn ará Èkìtì àti Ọ̀ṣun kò ní: owó epo rọ̀bì. Nítorí epo tí wọ́n ń wà ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ yìí máa ń pín nínú 13% tó jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó ní epo. Òfin tó dá OSOPADEC, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè agbègbè epo ní ìpínlẹ̀ yìí, sílẹ̀ sọ pé kí 40% nínú ìpín yẹn lọ sí agbègbè tí epo ti ń jáde. Ọmọ Ìlàjẹ tàbí Ẹsẹ̀-Odò tó ń wá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ní ẹnu-ọ̀nà kan tí ọmọ Àkúrẹ́ kò ní. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Àwọn ló ń gbé lórí omi tí epo ti bà jẹ́.

Kí ni owó UBEC tí wọ́n máa ń sọ pé ìpínlẹ̀ kan gbà tàbí kò gbà?

Òfin UBE (òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) tí wọ́n ṣe ní 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún (2%) owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké títí dé JSS 3. UBEC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Abuja, ló ń tọ́jú owó náà.

Ìpínlẹ̀ kan kì í kàn na ọwọ́ gbà á. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìdajì iye tí iṣẹ́ náà máa ná kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kíláàsì àti àga tí SUBEB fẹ́ ṣe yóò ná bílíọ̀nù méjì náírà. Tí ìpínlẹ̀ bá gbé bílíọ̀nù kan kalẹ̀, UBEC yóò gbé bílíọ̀nù kejì wá. Tí ìpínlẹ̀ bá ní òun kò lówó, tàbí tó kọ̀ láti fọwọ́ sí i, bílíọ̀nù ti Abuja náà jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ni owó irú èyí ti jókòó dè fún ọdún gbọọrọ, tí àwọn ọmọ sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì.

Kí SUBEB tó náwó, ó gbọ́dọ̀ kọ ètò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí UBEC, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i: kíláàsì mélòó, ní ilé-ìwé wo, àga mélòó, ìwé wo, tíṣà mélòó ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ ilé-ìwé ọmọ yín wà níbẹ̀, tàbí kó má sí. Owó yìí kì í ṣe fún owó oṣù. Tí òṣèlú kan bá ní owó UBEC lòun fi san owó oṣù tíṣà, ẹ ní kó tún un sọ.

Ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ ká máa bi gómìnà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún nìyí: ṣé ìdajì tiwa ti dé ọ̀dọ̀ UBEC? Kò gba àlàyé gígùn. Ó ti dé ni, tàbí kò tíì dé.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ mi?

Òfin UBE kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti jùníọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba ń ṣe. Ẹni tó bá gba owó lórí rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Ilé-ẹjọ́ lè ní kó san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, kí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n fún ìgbà tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, tàbí kó jẹ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà, owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦7,500, nítorí náà ìtanràn yẹn ń dunni. Lónìí tí owó oṣù tó kéré jù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ₦73,000, ta ló máa bà lẹ́rù?

Òfin yìí kan náà mú òbí. Ẹni tó bá fi ọmọ sílé, tí kò jẹ́ kó lọ sílé-ìwé, wọ́n á kọ́kọ́ bá a wí. Lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Tó bá tún ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, ó di ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Ẹni tó bá rí àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní Ọjà Ọba mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń lo apá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa bí owó ṣe ń wọ inú ilé-ìwé. Ìjọba ń san owó oṣù, ó sì ń kọ́lé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀kì, ìwé ìdánwò, àgádágodo tó bàjẹ́, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé-ìwé lóru, àwọn ìnáwó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ yìí ló máa ń dojú kọ ọ̀gá ilé-ìwé, owó tó ń dé ọwọ́ rẹ̀ fún wọn kì í sì í tó. Ibẹ̀ ni PTA, ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, ti ń wọlé. Owó PTA tí òbí jókòó dá fúnra wọn kì í ṣe owó ìjọba. Ohun tó burú ni kí wọ́n pe owó tí ọ̀gá kan dá bù lé yín lórí ní owó PTA, tàbí kí wọ́n lé ọmọ sílé nítorí rẹ̀. Mi ò rí ibi tí òfin ti fàyè gba kí wọ́n lé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí jùníọ̀ sílé nítorí owó.

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ béèrè mẹ́ta: ìpàdé wo ni wọ́n ti fẹnu kò lórí rẹ̀, ta ló ń tọ́jú owó náà, rìsíìtì rẹ̀ ńkọ́? Tí ìdáhùn kò bá dán mọ́rán, ẹ lọ bá akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì SUBEB ìjọba ìbílẹ̀ yín tó bá jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni kí ẹ lọ. Ẹ mú ìwé dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ nù ní ọ́fíìsì ìjọba.

SS 1 dé SS 3 ńkọ́? Ṣé òfin yẹn dé ibẹ̀?

Rárá. Òfin UBE dúró ní JSS 3. Abala kejìdínlógún (18) nínú òfin orílẹ̀-èdè ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ọ̀fẹ́ "nígbà tó bá ṣeé ṣe", ọ̀rọ̀ yẹn sì ti gba ọ̀pọ̀ ìjọba sílẹ̀. Ní 2017, Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja dájọ́ pé Òfin UBE ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti jùníọ̀ di ẹ̀tọ́ tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. SS kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ìjọba tó wà lórí oyè bá fẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀, ìdí nìyí tí ìlànà fi ń yí padà bí gómìnà ṣe ń yí padà.

Owó WAEC ńkọ́?

Bákan náà. Kò sí òfin àpapọ̀ tó ní kí ìpínlẹ̀ san án. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ọ̀gá ilé-ìwé fi ìwé ìkéde ìjọba ti ọdún yẹn hàn yín, kí ẹ sì fi iye tó wà níbẹ̀ wé iye tí wọ́n ń béèrè.

Ta ló ń san owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gómìnà ni. Owó ìjọba ìbílẹ̀ ni. Owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń wọ inú àpò ìfowópamọ́ kan tí wọ́n jọ ní pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní JAAC ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ alága. Ìdí tí alága kan fi máa ń sọ pé kò sówó láti dí kòtò ojú ọ̀nà nìyẹn, kò sì fi gbogbo ìgbà purọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn jó. Àwọn tíṣà kò jó. Ẹgbẹ́ wọn, NUT, ti ń kọminú tipẹ́ lórí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí owó oṣù wọn bá bọ́ sọ́wọ́ alága kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rántí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí owó oṣù di gbèsè. Èmi fara mọ́ òmìnira ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ tíṣà tó ń bẹ̀rù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó oṣù sọ́tọ̀, kí ìyókù tó di ti alága.

Wọ́n ní UNESCO sọ pé 26% ìṣúná gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un sọ, láti orí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dé ẹnu àwọn aṣòfin. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí lábẹ́ UNESCO ní Incheon ní 2015 ni pé kí 15% sí 20% nínú owó tí ìjọba ń ná jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Ẹ lo ìyẹn. Ìpínlẹ̀ tí kò dé 15% kò ní ibi tí yóò sá sí, ẹ ò sì ní fún wọn láyè láti fi àṣìṣe yín bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Ìṣúná ní bílíọ̀nù báyìí wà fún ẹ̀kọ́. Ilé-ìwé wa ṣì ń jò. Owó náà dà?

Gómìnà máa ń gbé àbá ìṣúná lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, níbi tí aṣojú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) wà. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fọwọ́ sí i, gómìnà á buwọ́ lù ú. Ariwo tí ẹ gbọ́ lórí rédíò, ọjọ́ yìí ló máa ń jáde. Lọ́jọ́ náà, kò tíì sí owó kankan. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn láti ná, tí owó bá wọlé, ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, iye mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan ni ohun tí wọ́n dá lábàá, èkejì ni ohun tí wọ́n tú sílẹ̀, ẹ̀kẹta sì ni ohun tí wọ́n ná. Ẹ tún wo bóyá owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́ ni, tàbí iṣẹ́ àkànṣe bíi kíláàsì àti yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Owó oṣù máa ń jáde ṣáá. Iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé tí owó bá fà sẹ́yìn, iṣẹ́ yẹn gan-an ni ẹ sì ń fojú wá kiri.

Ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gbé ìṣúná àti ìròyìn bí wọ́n ṣe ná an ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù yín lè ṣí i. Tí ẹ bá dé abala ẹ̀kọ́, ẹ máa wá ìlà tí kò dárúkọ ilé-ìwé kankan, irú bíi "àtúnṣe àwọn ilé-ìwé tí a yàn". Àwọn wo ni wọ́n yàn? Ta ló yàn wọ́n? Ilé-ìwé tó bá lórúkọ nínú ìwé ṣòro jí. Èyí tí kò lórúkọ lè wà níbikíbi, ó sì lè má sí níbì kankan.

Tí mo bá béèrè, ṣé wọ́n máa dá mi lóhùn?

Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, FOI, ti wà láti 2011. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méje mìíràn kún un tí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Fún ọdún mélòó kan ni àwọn ìpínlẹ̀ ń sọ pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fòpin sí àwíjàre yẹn nínú ẹjọ́ kan tó ti Ìpínlẹ̀ Ẹdó, aládùúgbò wa, wá. Ó kan gbogbo ìjọba.

Ẹ má kọ ìtàn gígùn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe àtúnṣe kíláàsì ní ilé-ìwé báyìí-báyìí, iye tí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún un, iye tí ẹ ti san, àti ọjọ́ tó yẹ kó parí." Ẹ ṣe ẹ̀dà kan, kí wọ́n fi òòtẹ̀ lù ú fún yín. Ìyá tí kò kàwé náà lè béèrè: òfin gbà á láyè láti rán ẹlòmíràn, tàbí kó fẹnu sọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìgbà Ajásin ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà. Ṣé ìgbà yẹn dára tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tó ro ètò náà. Pírínsípà ni, ní Ìmádé College, Ọ̀wọ̀, ó mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó di gómìnà àkọ́kọ́ tí ará Oǹdó dìbò yàn, láti 1979 sí 1983, Èkìtì ṣì wà lára wa, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì dé sẹ́kọ́ńdìrì.

Ó dára, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kíláàsì kún ju bó ṣe yẹ lọ, tíṣà tó kàwé kò tó, owó tíṣà sì falẹ̀ kí sáà náà tó parí. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni pé ẹni tó ń ṣe ìjọba fúnra rẹ̀ ti dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé rí.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Kí ló wà fún wọn nínú owó ìpínlẹ̀?

Ó tú káàkiri, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í rí i. Ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti eré ìdárayá ní ìṣúná tirẹ̀. ONDEA wà fún àwọn tó fẹ́ dá okòwò sílẹ̀. BATVE ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ń bójú tó owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá kọ̀wé sí ibi kan ṣoṣo tó sì jókòó ń retí, òun ló fi ara rẹ̀ ṣe.

Èrò tèmi ni pé owó púpọ̀ jù ń lọ sí ayẹyẹ ọjọ́ kan. Wọ́n á to ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta sórí pápá, kámẹ́rà á ya fọ́tò, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ̀rọ náà ti di ti ẹlòmíràn. Iye kan náà lè tún ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe, kó san owó oṣù olùkọ́ iṣẹ́ wẹ́dà (ajórin), kó sì ra iná tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Kò ní gbé fọ́tò tó dára jáde ni.

Ẹni ọdún mélòó ni ọ̀dọ́?

Ìlànà ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ti Nàìjíríà ní 2019 sọ pé ọdún 15 sí 29. Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà fà á dé 35. Ẹ ka ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan kọ kí ẹ tó kọ̀wé sí i. "Olórí ọ̀dọ́" ẹni ọdún 50 kò sí nínú ìwé kankan.

Ọmọ mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìpínlẹ̀: AAUA, OAUSTECH, UNIMED tàbí Rufus Giwa. Ìrànwọ́ wo ló wà?

Owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ kì í ṣe gbèsè, ó sì máa ń jáde nígbà tó bá wù ú. Ẹ má gbé ọkàn lé e fún owó ilé-ìwé sáà yìí.

NELFUND, ti ìjọba àpapọ̀, jẹ́ gbèsè tí kò ní èlé. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ mímu. Ọdún méjì lẹ́yìn agùnbánirọ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 10% owó oṣù ẹni tó ti ríṣẹ́. Orúkọ, NIN, BVN àti nọ́ńbà ìwọlé gbọ́dọ̀ bára mu. Ibi tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró nìyẹn, kì í ṣe àìlówó.

Àwọn agùnbánirọ̀ tó ń kọ́ ọmọ wa, ta ló ń san owó wọn?

Ìjọba àpapọ̀ ni, ₦77,000 lóṣù. Wọ́n ń ran ilé-ìwé lọ́wọ́ gan-an, pàápàá ní abúlé tí tíṣà ìṣirò kì í fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni wọ́n ń lò, ilé-ìwé tó bá gbára lé wọn nìkan á pààrọ̀ tíṣà fisíìsì rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹnì kan pè mí, ó ní orúkọ mi ti jáde nínú ètò ìrànwọ́ ọ̀dọ́, kí n fi ₦5,000 ránṣẹ́ fún fọ́ọ̀mù.

Ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ pa fóònù náà, ẹ lọ sí Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó dárúkọ bóyá ètò náà wà. Tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ tètè sọ fún báǹkì yín, kí ẹ sì mú nọ́ńbà tó pè àti nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ sanwó sí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.